Kí A Tó Ki Abẹ́rẹ́ Bọ Apẹ̀rẹ̀: Ìtọ́jú Ewé Páìnì, Koríko àti Ìko

(Èyí ni ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan lára àwọn ìyá alápẹ̀rẹ̀ wa ní Ìfọ̀ bá wa sọ níbi ìpàdé àpapọ̀ àwọn ọlọ́jà Mówè, Ìbàfọ̀ àti Ìfọ̀. A tẹ̀ ẹ́ síbí nítorí àwọn tí kò lè wá.)

  

Wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí apẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la mọ ìdí rẹ̀. Ní ìpàdé tó kọjá, wọ́n mú ọ̀rọ̀ wá pé kí ẹgbẹ́ yọ owó nínú owó àjọ, kí a fi ra ewé igi kan tí wọ́n ń pè ní páìnì, àpò àpò, kí a sì san owó fún ẹni tí yóò kọ́ àwọn ọmọbìnrin wa bí wọ́n ṣe ń fi í ṣe apẹ̀rẹ̀ bíi tòkè òkun. Àwọn kan ní ká san án kíá kí àwọn ẹlòmíì má baà gbà á mọ́ wa lọ́wọ́. Àwọn kan ní ṣé ewé ni wọ́n wá fẹ́ fi owó àjọ rà báyìí? Ọ̀rọ̀ fẹ́ di ariwo. Ìyálọ́jà wá ní kí èmi tí mo ti ń ta apẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ọmọge mi yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, kí n wá sọ ohun tí mo bá rí. Ohun tí mo wá ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ irú apẹ̀rẹ̀ tí à ń wí. Apẹ̀rẹ̀ tiwa tí a mọ̀, híhun ni. Ẹni tó ń hun ún á la imọ̀ ọ̀pẹ tàbí pankẹ́rẹ́, á na èyí tó le dúró, á wá máa ki èyí tó rọ̀ gba ààrin wọn, ó gba iwájú ọ̀kan, ó gba ẹ̀yìn ìkejì. Èyí tí wọ́n ń sọ yìí kì í ṣe híhun rárá. Kíká ni, àti rírán. Wọ́n á di koríko pọ̀ ní ìdì tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í ká a bí ejò ṣe ń ká jọ, wọ́n á wá máa fi abẹ́rẹ́ àti ìko gán ìká kan mọ́ èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, títí yóò fi di abọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i láìrìn jìnnà, kó wo fáìfáì tí àwọn ará Òkè Ọya fi ń bo igbá fùrá. Koríko ló wà nínú rẹ̀, ewé gòrúbà ni wọ́n fi wé e. Iṣẹ́ kan náà ni. Torí náà kì í ṣe ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun wá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fìyẹn gbówó lọ́wọ́ yín.

Àwọn tó gbajúmọ̀ jù nídìí iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà gan-an, ẹ̀jẹ̀ wa ni wọ́n. Ní ìpínlẹ̀ South Carolina, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń pè ní Gullah. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú láti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà lọ sí oko ìrẹsì níbẹ̀. Àtẹ tí wọ́n fi ń fẹ́ èèpo ìrẹsì lóko yẹn, kíká àti rírán ni wọ́n ṣe é, ọgbọ́n tí wọ́n gbé láti ilé lọ ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà ní Mówè, ẹ mọ ohun tí àtẹ jẹ́, n ò ní máa ṣàlàyé ìyẹn fún yín. Nígbà tí oko ìrẹsì pa rẹ́, apẹ̀rẹ̀ ò pa rẹ́. Láti bí ọdún 1930 ni àwọn ìyá ìlú Mount Pleasant ti bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ apẹ̀rẹ̀ wọn sí etí títì márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Highway 17, kí àwọn tó ń fi mọ́tò kọjá lè dúró rà. Ẹ ò rí i bí? Bí ẹ̀yin ará Ìbàfọ̀ ṣe ń ṣe lẹ́tì títì Èkó sí Ìbàdàn gẹ́lẹ́. Ní ọdún 2006, ìjọba ìpínlẹ̀ náà fi òfin sọ apẹ̀rẹ̀ yìí di iṣẹ́ ọwọ́ ìpínlẹ̀ wọn. Ní 2008, ọ̀kan nínú àwọn ìyá tó ń rán an, Mary Jackson, gba ẹ̀bùn MacArthur, ẹ̀bùn ńlá tí wọ́n máa ń fún àwọn ọ̀mọ̀wé àti àwọn oníṣẹ́ ọnà. Apẹ̀rẹ̀ ló gbé e débẹ̀ o.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó kàn wá. Àwọn Gullah yìí, koríko etí òkun kan tó ń ta sánsán ni wọ́n fi ń ṣe inú apẹ̀rẹ̀ wọn jù. Ewé igi kan tó jọ ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń rán an. Ewé páìnì tí à ń wí, wọ́n kàn ń fi í sí i láàárín kó lè mú àwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú wá ni, bí a ṣe ń fi òwú aláwọ̀ mìíràn sínú aṣọ òkè. Àwọn mìíràn wà ní Amẹ́ríkà tó jẹ́ pé ewé páìnì nìkan ni wọ́n fi ń ká tiwọn, torí igi náà wà nílẹ̀ wọn rẹpẹtẹ, ewé rẹ̀ ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣà á. Ẹ fi ọ̀rọ̀ "ọ̀fẹ́" yẹn sọ́kàn.

Ṣé páìnì wà nílẹ̀ wa? Ó wà. Àwọn ìjọba ti gbìn ín sí orí òkè Jos àti orí òkè Mambilla, torí ibẹ̀ tutù. Irú tí wọ́n gbìn, ewé rẹ̀ máa ń gùn tó íǹṣì 6 sí 10. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n fẹ́ràn jù, ó lè gùn tó íǹṣì 8 títí dé 18. Bí ewé bá ṣe gùn tó, bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ṣe máa ń yá tó, tí ó sì máa ń dán tó. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ẹyọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn olówó gbìn sí iwájú ilé ni ẹ lè rí.

Ṣùgbọ́n igi kan wà tí ọ̀pọ̀ ń pè ní páìnì tí kì í ṣe páìnì. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ó pọ̀ ní ọgbà ilé ìwé àti ọgbà ìjọba, ó ga, ó rí ṣẹ́ẹ́ṣẹ́ẹ́, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ á máa súfèé. Àwọn òyìnbó ń pè é ní casuarina. Ó tiẹ̀ ń so èso kóńkóló kékeré tó jọ ti páìnì, ìyẹn ló ń tan ènìyàn jẹ. Kò ṣe é rán apẹ̀rẹ̀. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n nìyí: ẹ mú ẹyọ kan, ẹ fà á láti ìkángun méjèèjì. Tó bá já ní oríkèé-oríkèé bí ìgbà tí ènìyàn ń yọ ìrèké ní kókó, casuarina ni. Kì í tilẹ̀ ṣe ewé, ẹ̀ka tín-ín-rín ni. Ewé páìnì tòótọ́ kò ní oríkèé. Láti ìdí dé orí, ọ̀kan ṣoṣo ni, mẹ́ta mẹ́ta ló sì sábà máa ń wà pọ̀ nínú àkọ̀ kékeré kan. Mo ní kí ẹni tó fẹ́ ta ewé fún wa mú díẹ̀ wá. Èyí tó mú wá, páìnì ni, n ò purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ ti já wẹ́wẹ́, ó sì ti ń bu funfun. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ sọ bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, kí ojú yín lè là bí ẹnikẹ́ni bá gbé e wá.

Ewé tó já bọ́ fúnra rẹ̀ láìpẹ́, tó ṣì ń dán, ni kí a ṣà. Èyí tó ti pẹ́ nílẹ̀ tí òjò ti pa, ó ti dúdú, ó ti gbó, á máa ṣẹ́ ni. Ẹ to orí mọ́ orí, ìdí mọ́ ìdí, bí ẹ ṣe ń to ọwọ̀ ìgbálẹ̀. Ẹni tó bá kó o jọ gbàgà sínú àpò, ó ti ba iṣẹ́ jẹ́ láti ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ fọ̀ ọ́ nínú omi tí ẹ fi ọṣẹ díẹ̀ sí, torí iyanrìn, kòkòrò àti oje igi wà lára rẹ̀. Ẹ wá rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Tó bá ti rọ̀, ẹ máa fi èékánná yọ àkọ̀ ìdí rẹ̀ kúrò. Àwọn kan kì í yọ ọ́, wọ́n á fi ṣe ọ̀ṣọ́. Èmi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó máa ń fa aṣọ ya.

Níbi gbígbẹ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà. Ẹ má sá a sójú oòrùn gan-gan tí ẹ bá fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ dúró. Abẹ́ òrùlé tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ló dáa. Èyí tí a já ní tútù, tí a gbẹ nínú òkùnkùn, á pa àwọ̀ ewé mọ́ díẹ̀. Èyí tó rí oòrùn á pọ́n. Kó gbẹ dénú kí ẹ tó kó o pamọ́, kí ẹ sì kó o sínú páálí tàbí ìwé ìròyìn. Kì í ṣe nínú nylon! Ohunkóhun tó ní omi lára tí ẹ dì sínú nylon, ẹ lọ fi ọkàn sí i pé ìmúwú ń bọ̀. Ní ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rán an, ẹ tún rẹ ẹ́ díẹ̀, kí ẹ fi tówẹ̀lì tútù wé e, kí ẹ máa fà á yọ díẹ̀díẹ̀. Àwọn kan máa ń ra glycerine ní kẹ́mísìtì, wọ́n á pò ó mọ́ omi gbígbóná, wọ́n á fi ewé sí i kó má baà gbẹ ganranran mọ́. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ owó ni.

Ohun kan wà tó dẹ́rù bà mí jù gbogbo ìyẹn lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ. Ewé páìnì ní oje tó ń jó bí epo. Tó bá ti gbẹ, iná kì í pẹ́ mú un. Wọ́n wá ní ká kó o ní àpò àpò sínú ṣọ́ọ̀bù, ní ọjà tí aládìn-ín-sùn àkàrà wà lápá ọ̀tún, tí jẹnẹrétọ̀ wà lápá òsì? Ẹ̀yin náà mọ ohun tí iná ọjà máa ń jẹ. Òru ọjọ́ kan ló ń gba iṣẹ́ ọgbọ̀n ọdún lọ.

Ó dáa. Kí la wá ní lọ́dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ n bẹ̀rẹ̀ láti Ọ̀fàdà. Lẹ́yìn ìkórè ìrẹsì, koríko rẹ̀ máa ń wà lóko bẹẹrẹbẹ, wọ́n á dáná sun ún. Koríko yẹn ṣe é ká. Apá òkè, láti oríkèé tó gbẹ̀yìn dé ibi tí ìrẹsì ti so, ni kí ẹ gé. Ibẹ̀ ló gùn tí kò ní kókó. Ẹ bó ewé tó wé e kúrò, ẹ sá a fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ dì í ní ìdì ìdì, kí ẹ fi kọ́ sókè. Koríko bẹẹrẹ tí àwọn bàbá wa fi ń bo ilé náà dáa, ó tilẹ̀ gùn ju ti ìrẹsì lọ, àmọ́ ó máa ń gé ọwọ́, ẹ wọ ìbọ̀wọ́.

Ìko ni tìrán. Ẹ mọ̀ pé ara ewé igi ògùrọ̀ ni wọ́n ti ń bó o, kì í ṣe ọ̀pẹ ẹyin. Ọ̀mùnú tí kò tíì ṣí ni wọ́n ń gé, wọ́n á ya ewé rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á fi ọ̀bẹ dá ojú rẹ̀ lábẹ́, wọ́n á wá fa awọ tín-ín-rín òkè yẹn yọ láti ìdí dé orí. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá dá a, á bó o láìjá. Wọ́n á sá a sí oòrùn kó funfun. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ kàn fi omi pa á lára ni. Ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú. Ìko tó mu omi yó á wú, ẹ ó rán an tán ẹ ó máa yọ̀, tó bá gbẹ, gbogbo ojú ìrán á tú dẹ̀, apẹ̀rẹ̀ á máa mì bí eyín àgbà. Ẹ fi àtàǹpàkò là á kó lè dọ́gba. Tí ẹ bá fẹ́ àwọ̀, aró èlú wà ní Abẹ́òkúta, àwọn aládìrẹ Ìtókù kò jìnnà sí Ìfọ̀.

Ìko yìí náà ti ń wọ́n, kí n má parọ́. Láyé ìgbà kan, àbàtà tó wà láàárín Mówè sí Ìbàfọ̀ títí dé ẹ̀bá odò Ògùn, ògùrọ̀ ló kún ibẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Wọ́n ti da iyanrìn sí i, ilé ti dé, ẹ́síteètì lóríṣiríṣi. Igi ògùrọ̀ pàápàá, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló ń so láyé rẹ̀ tó fi ń kú, ẹlẹ́mu sì máa ń dá a kó tó so. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ìyá Gullah yẹn: ilé ìgbafẹ́ àti ẹ́síteètì ti gba etí òkun tí wọ́n ti ń fa koríko wọn, ọ̀nà jíjìn ni wọ́n ń lọ báyìí. Torí náà, tí a bá máa ná owó àjọ lórí ohunkóhun, mo rò pé orí ìko ló yẹ. Ká ra a lọ́pọ̀ nígbà ẹ̀rùn tó pọ̀ tó sì gbẹ, ká pín in fún àwọn tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́, kí wọ́n san án padà nígbà tí wọ́n bá tà. Kí ẹ sì sọ fún ẹni tó ń gé e pé kó má gé ju ọ̀mùnú kan lọ lórí igi kan lẹ́ẹ̀kan, kí igi má baà kú.

Rírán rẹ̀ ò ṣòro láti ṣàlàyé, ọwọ́ ló ń kọ́ni. Ẹ wá abẹ́rẹ́ ńlá olójú gbọọrọ. Ẹ gé ìdí bírò tó ti tán ní bí íǹṣì kan, ẹ ki ìdì koríko gba inú rẹ̀. Bírò yẹn ni yóò máa sọ fún yín bóyá ìdì ti ń tín-ín-rín: tó bá ti ń tú dẹ̀ nínú bírò, ẹ fi koríko méjì mẹ́ta kún un, ní àárín ìdì, kì í ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́. Àwọn Gullah kì í lo abẹ́rẹ́, orí ṣíbí tí wọ́n gé kúrò tí wọ́n pọ́n ìdí rẹ̀ ni wọ́n fi ń lu ihò, wọ́n á wá fi ọwọ́ ki ewé bọ̀ ọ́.

Ta ni a ó tà á fún? Ẹ̀yin onítòmátì, ẹ má wojú mi. Kì í ṣe tiyín. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì gbọ́dọ̀ pọ́ọ́kú, ó sì gbọ́dọ̀ gba ẹrù. Àwọn onímọ̀ ìpamọ́ ohun ọ̀gbìn ní NSPRI ní Ìlọrin tilẹ̀ ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé kí a máa fi kéréètì oníke kó tòmátì, torí apẹ̀rẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ fọ́. Apẹ̀rẹ̀ rírán yìí, kékeré tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì lè gba odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó bá tà á ní iye apẹ̀rẹ̀ tòmátì ti ta ara rẹ̀. Àwọn tó ń di hámpà ọdún Kérésì àti Iléyá, àwọn tó ń to ẹrù ìdána, àwọn tó ń ta búrẹ́dì àti èso fún ilé ìtura, àwọn wọ̀nyẹn ni oníbàárà wa. Wọ́n máa ń yẹ ẹ́ wò dáadáa o. Mo mọ obìnrin kan tó kó ogún apẹ̀rẹ̀ fún ẹnìkan lásìkò òjò, ó dì wọ́n sínú nylon kí wọ́n lè máa dán. Nígbà tí wọ́n tú u lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá, ìmúwú ti bò wọ́n. Wọ́n dá gbogbo rẹ̀ padà fún un. Owó àjẹ́lẹ̀ ló fi ra ìko yẹn, oṣù mẹ́rin ló fi ń san án.

Ìbéèrè díẹ̀ wáyé. Ìyá kan láti Ìbàfọ̀ béèrè bóyá a lè fi rọ́bà dípò ìko. Mo ní ó ṣe é ṣe. Àwọn obìnrin Wolof ní Senegal ń ṣe é. Koríko wà nínú, rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ẹní ni wọ́n fi ń wé e, òyìnbó sì ń rà á gan-an. Kì í bu, kòkòrò kì í jẹ ẹ́. Koríko inú rẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gbẹ ṣá. Ẹlòmíì béèrè ohun tí a ó ṣe sí kòkòrò. Àjà ìdáná tí ìyá wa máa ń to apẹ̀rẹ̀ sí, kì í ṣe torí àìsáyè. Èéfín ni kì í jẹ́ kí kòkòrò débẹ̀. Koríko ìrẹsì àti ìko lẹ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí, wọ́n á kàn pọ́n díẹ̀. Ẹ má gbé páìnì síbẹ̀ ṣáá o, mo ti sọ̀rọ̀ iná.

Àbúrò mi kan láti Mówè wá ní, "Màámi, ṣé ká lé ẹni tó fẹ́ kọ́ wa yẹn lọ ni?" Rárá o. Tó bá mọ̀ ọ́n rán, kó wá rán an lójú wa, kí a san owó ìkọ́ṣẹ́ fún un, pẹ̀lú koríko tiwa. Tó bá ṣe é pẹ̀lú koríko ìrẹsì, a jẹ́ pé ó mọ iṣẹ́. Tó bá ní àfi páìnì tòun, a jẹ́ pé ewé ló fẹ́ tà.

Ìyálọ́jà ti ní ká dán an wò kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan owó àjọ. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí àwọn ará Mówè bá wa mú koríko ìrẹsì wá láti Ọ̀fàdà, ìdì mẹ́wàá, kó gbẹ. Èmi á mú ìko wá láti Ìfọ̀. Kí oníkálùkù mú abẹ́rẹ́, bírò tó ti tán, àti tówẹ̀lì kan tí kò náání mọ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ la ó bẹ̀rẹ̀.